Bí ẹ ṣe lè mọ ìtumọ̀ àwọn orúkọ tí ewì àti orin jọ ń jẹ́, láì kírámù ohunkóhun

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ládùúgbò wa níbí ní Abẹ́òkúta, tó ń múra ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì, ló gbé ìwé nóòtì rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí, mo kírámù wọn láàárọ̀, nígbà tó fi máa di alẹ́ mi ò rántí ẹyọ kan mọ́." Mo gba ìwé náà. Ní apá òsì, orúkọ tí wọ́n kọ́ wọn ní kíláàsì lítíréṣọ̀ Òyìnbó ló wà níbẹ̀: stanza, verse, lyric, rhythm, metre, refrain. Ní apá ọ̀tún, àwọn ti kíláàsì Yorùbá: ìjálá, rárà, ẹ̀sà, ègè, ìyẹ̀rẹ̀, ẹkún ìyàwó. Ìtumọ̀ kúkúrú kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan péré. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe nítorí ọmọ náà o, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ní ìlù nínú, tó ní ẹsẹ̀ ijó nínú, tó ní ẹkún nínú, ni wọ́n to sílẹ̀ bí ẹni to iye owó ọjà.

Mo ti wà nínú kúáyà láti kékeré, mo sì máa ń ké ewì níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, nítorí náà mo ní kó jókòó, a sì jọ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíì, yálà ẹ ń kọ́ ọmọ ni o, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ orin.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ gbàgbé orúkọ náà ná, kí ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá a rìn. Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ sá pamọ́ sí. Ẹ wò ó, ta lẹ ti gbọ́ rí tó ní òun ń "ka" ìjálá? Sísun là ń sun ìjálá. A máa ń sun rárà, a máa ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Ẹ̀sà ńkọ́? Pípè ni. Ọfọ̀ náà, pípè ni. Oríkì, kíkì ni. Ègè, dídá ni. Ewì, kíké ni. Orin, kíkọ ni. Ẹ ríi pé àwọn àgbà ò kàn fi ẹnu lásán yan ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ọ̀fun ń ṣe lásìkò yẹn.

Ẹ mú "sun". Òun náà ló wà nínú sunkún. Ẹni tó ń sun ìjálá tàbí rárà máa ń fa ohùn, á gbé e lọ sókè, á jẹ́ kó gùn, bí ìgbà téèyàn ń dárò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyìn tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló ń sọ. Àwọn ọdẹ àti àwọn olùsìn Ògún ló ni ìjálá, àmọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ "sun" yẹn, kódà tí ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ọdẹ, ẹ ti mọ bó ṣe máa dún létí. Mo ní kí ọmọ náà sọ "mo ń jẹun" bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó sun ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó sun ún, ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ní "ta ló kú?" Ó yé e lójú ẹsẹ̀.

"Pè" yàtọ̀. Tí ẹ bá ń pe èèyàn, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tó yẹ kó gbọ́. Ẹ̀sà jẹ́ ti àwọn eégún, ẹni tó ń pe ẹ̀sà ń bá ará ọ̀run sọ̀rọ̀, ọfọ̀ sì ń pe nǹkan kó wá ṣẹ. "Ké" ní tirẹ̀, igbe ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ewì sórí fóònù jiyàn, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ ò tíì ṣe tán o, ohun tó wà lójú fóònù yẹn ò tíì di ewì, ẹ gbé e sẹ́nu kí ẹ ké e kí ẹ gbọ́ bóyá ó dún. Wọ́n máa ń rò pé mò ń dà wọ́n láàmú ni, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀, akéwì ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ rẹ̀.

"Kì" nínú oríkì, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ "kí" o. "Kí" ni tí a ń kí èèyàn pé ẹ kú àárọ̀. "Kì" ni tí a bá ń to ìran èèyàn àti ìwà rẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá jọ sí i létí títí orí rẹ̀ á fi wú. Orí àti kì, òun ló di oríkì.

Ègè ni mo máa dúró lé lórí díẹ̀, torí tiwa ni, ti Ẹ̀gbá ni. Tí ẹ bá ka ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá, ẹ máa rí i pé wọ́n máa ń pín in láti ìlú sí ìlú: òlele ti Ìjẹ̀ṣà, obítun ti Oǹdó, dadakúàdà ti Ìlọrin, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá, ègè àti ìgbálá ni. Dídá ni wọ́n ń dá ègè. Ọ̀rọ̀ "dá" yìí wù mí ju gbogbo wọn lọ. Àwa náà máa ń sọ pé lágbájá dá orin, ìyẹn ni pé òun ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹnì kankan ò tíì kọ ọ́ rí. Mo gbọ́ "dá" tó wà nínú Ẹlẹ́dàá nínú rẹ̀, ẹ lè ní èmi ni mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná: àwọn Gíríìkì àtijọ́, níbi tí Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ poet àti poem, poiein ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kéèyàn ṣe nǹkan jáde, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ẹ̀gbá tó ń dá ègè ní abẹ́ Olúmọ àti Gíríìkì tó jìnnà réré, ohun kan náà ni wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ kíkọ náà, ẹ kíyè sí i. Tí mo bá ní "ó kọ orin yẹn", ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ló fi kọ ọ́ sínú ìwé àbí ẹnu ló fi kọ ọ́ níta. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì, ohùn kan náà, re lásán. Bí ẹ bá ń túmọ̀ fún ẹlòmíì, ẹ bèèrè dáadáa kí ẹ tó dáhùn.

Ìkejì, ẹ tẹ́tí sí àmì ohùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹsẹ àti ẹsẹ̀. Ẹsẹ, re re, ni ẹsẹ Ifá, ẹsẹ Bíbélì, ẹsẹ orin, òun náà ló wà nínú "lẹ́sẹẹsẹ", pé nǹkan tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹsẹ̀, re dò, ni èyí tí a fi ń rìn. Wọn ò jọ rárá. Àmọ́ ibi tó ti wá dùn mọ́ mi ni pé Òyìnbó ní tirẹ̀ máa ń pe ìwọ̀n kékeré kan nínú ìlà ewì ní foot, ìyẹn ẹsẹ̀ gidi, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, torí àwọn Gíríìkì máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè tí wọ́n á tún gbé e sílẹ̀ láti fi ka ìwọ̀n ewì wọn. Wọ́n tún ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní dactyl, ìka ọwọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí sílébù gígùn kan ló ń ṣíwájú, kúkúrú méjì á tẹ̀lé e, ẹ wo ìka yín, oríkèé kan gùn, méjì tó kù kúrú. Nítorí náà tí ẹ bá ń kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọdé, ẹ fi àmì sí i, ẹ má jẹ́ kó kọ "ese" lásán, torí ọmọ tó bá kọ "ese" níbi tí foot àti verse ti jọ wà lójú ìwé kan náà, kò ní mọ èwo ni èwo mọ́.

Ìkẹta ni kí ẹ bèèrè pé ta ló ń dá a lóhùn. Orin Yorùbá kì í sábà dá nìkan dúró. Lílé wà, ègbè wà. Ẹni tó ń lé orin ló ń lọ níwájú, àwọn elégbè ló ń gbè é. Ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú "ó gbè mí lẹ́yìn", "ó ń gbè sẹ́yìn rẹ̀". Ègbè ò wulẹ̀ jẹ́ apá tí wọ́n ń tún kọ, àtìlẹ́yìn ni, tí elégbè bá dákẹ́, ẹni tó ń lé orin á dá wà bí ẹni tí wọ́n sá fi sílẹ̀ lójà. Àwa tí a ń gbé ìlú yìí ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé jìnnà, ẹ kàn fi rẹ́kọ́ọ̀dù Àyìnlá Ọmọwúrà sí i, ọmọ Ìtòkò tó kọ àpàlà, ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni ń bá yín jókòó, lẹ́yìn náà àwọn elégbè á gbá a mú, ìlù á sì wọlé. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ ni àbí orin ló ń kọ? Ẹ sọ fún mi.

Ègbè wà nínú ewì náà. Àwọn babaláwo tí wọ́n bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ló ń ṣíwájú, àwọn tó kù á máa dá a lóhùn pé "hẹn", ìyẹn ni pé òótọ́ ni, bó ṣe rí nìyẹn. Elégbè di ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kó má baà yẹ̀. Oníjàálá náà, tó bá ti sun ún títí, ó máa ń fi orin parí rẹ̀, àwọn tó ń wòran á sì gbè é, nítorí náà nínú eré kan ṣoṣo ewì ti di orin láì sí ẹnikẹ́ni tó ní kó dúró.

Chorus tí Òyìnbó ń lò fún apá tí a ń tún kọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, khoros, ẹgbẹ́ tó ń jó tó sì ń kọrin pa pọ̀ lójú agbo. Nítorí náà èèyàn ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di orúkọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ. Tiwa pín in dáadáa, ègbè ni ọ̀rọ̀, elégbè ni èèyàn. Refrain sì wá láti inú èdè Faransé àtijọ́, ó jẹ mọ́ pé kí nǹkan ṣẹ́ padà, bí omi tó kọ lu òkúta tó sì padà sẹ́yìn.

A ti bọ́ sínú ti Òyìnbó báyìí, ẹ jẹ́ ká kúkú tẹ̀síwájú. Ti Òyìnbó, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí èdè tí ọ̀rọ̀ ti wá kì í ṣe èyí tí ọmọ ń sọ nílé, ẹ máa ní láti gbé e padà sí Gíríìkì tàbí Látìn tàbí Ítálì. Àmọ́ ohun kan náà lẹ ń wá, iṣẹ́ wo ni ara ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀, àbí ọ̀fun?

Lyric, ọwọ́ ni. Gbogbo ọmọ tó ń gbọ́ orin lóde òní ló mọ líríìkì pé ọ̀rọ̀ orin ni, kì í ṣe ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun èlò ló ti wá, lyra, ohun èlò olókùn tí àwọn Gíríìkì máa ń ta bí wọ́n bá ń ké ewì. Sáàmù tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ náà ni, psallein ni kéèyàn máa fi ìka ta okùn ohun èlò. Nítorí náà tí ẹ bá ka Sáàmù láì sí orin nídìí rẹ̀, ẹ ti yọ okùn kúrò lára rẹ̀.

Ballad, ẹsẹ̀ ni, inú ọ̀rọ̀ ijó jíjó ló ti jáde. Strophe, ẹsẹ̀ ni, yíyí ni, àwọn khoros yẹn á jó lọ sí apá kan bí wọ́n ṣe ń kọ apá kìíní, wọ́n á yí padà fún apá kejì. Ode, ọ̀fun ni, orin lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gíríìkì. Melody àti rhapsody ní ode yẹn nínú, rhapsody sì wá látara rírán, bí ẹni ń rán aṣọ, ẹni tó ń rán orin pọ̀. (Mo ronú nípa àwọn ìyá tó ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ní Ìtòkú, tí wọ́n á rán aṣọ pọ̀ kí wọ́n tó rì í sínú aró.) Sonnet, ewì onílà 14, ohùn kékeré tàbí orin kékeré ni lédè Ítálì. Elegy, orin ọ̀fọ̀, òun ni mo fi ń ṣàlàyé ìgbálá fún ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ó máa ń dùn mí pé mo ní láti gba ẹ̀yìn wá bẹ́ẹ̀.

Verse ni mo fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀. Látìn ni, versus, yíyí padà. Àgbẹ̀ tó ń fi màlúù túlẹ̀, tó bá la poro kan dé òpin oko, á yí màlúù padà, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí akéwì ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá dé òpin ìlà. Nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kí ìlà ewì yín dúró sí, ẹ bi ara yín pé ṣé mo ti dé òpin poro ni, àbí ó kàn rẹ̀ mí ni?

Stanza wá láti Ítálì, yàrá ni, ibi téèyàn dúró sí. Àwọn tó kọ́ kéú á gbádùn èyí: lédè Lárúbáwá, ìlà ewì kan ni wọ́n ń pè ní bayt, ọ̀rọ̀ kan náà ni ilé. Ẹ̀yà méjì tí kò bá ara wọn jẹun, ọ̀kan ń kọ́ yàrá, èkejì ń kọ́ ilé. Mo sọ fún ọmọ náà pé tó bá ń kọ ewì, kó rí i pé yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn, kéèyàn lè jáde nínú rẹ̀ bọ́ sí òmíràn.

Metre, òun lẹ lè dán wò fúnra yín lónìí, torí ó wà nínú ilé yín. Metron ni Gíríìkì, òṣùwọ̀n. Ẹ mú Ìwé Orin Mímọ́, ẹ wo òkè orin, ẹ máa rí C.M. tàbí L.M. tàbí S.M., tàbí nọ́ńbà lásán bíi 8.7.8.7. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wo nǹkan yìí láti ọmọdé láì bèèrè. C.M. ni pé ìlà kìíní ní sílébù 8, ìkejì 6, ìkẹta 8, ìkẹrin 6. L.M. ni 8 lẹ́ẹ̀mẹrin. S.M. ni 6, 6, 8, 6. Ẹ fi ìka ka sílébù náà, fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, "n" tó dá dúró bíi ti "ń bọ̀" náà jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú orin C.M. kan, ẹ fi ohùn orin C.M. mìíràn kọ ọ́. Á wọ̀ ọ́ bí bàtà. Àwọn ọ̀gá kúáyà mọ idán yìí, bí ohùn orin kan bá ṣòro wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní yẹ̀ ní sílébù kan.

Sílébù ò ní yẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ lè yẹ̀, ìṣòro tiwa sì nìyẹn. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti dé Abẹ́òkúta ní 1843, tí iṣẹ́ ìhìnrere fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Aké, ni wọ́n ti ń túmọ̀ orin Òyìnbó sí Yorùbá tí wọ́n sì ń fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ́. Òṣùwọ̀n pé, ohùn ò bá a mu. Ẹ ronú ná, tí ọ̀rọ̀ jẹ́ "ọkọ", re re, tí ohùn orin wá gòkè níbi sílébù kejì, ọkọ ti di ọkọ́ nìyẹn, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ó di ọkọ̀. Ìjọ á máa kọ ọ́ tọkàntọkàn, etí á máa gbọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn kan ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n padà sórí ohùn ilẹ̀ wa. Nínú wọn ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, tó fi orin ìsìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1920. Ìyìn ńlá ni mo fún àwọn èèyàn yẹn, torí wọ́n mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ pàṣẹ, kí ohùn orin tẹ̀ lé e.

Ohùn, ẹ ríi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe ti ẹnu, ti orin, àti ti àmì orí lẹ́tà. Mo lọ bèèrè lọ́wọ́ bàbá onílù kan tí mo mọ̀ ní Ìtòkò, mo ní Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mú ìlù sọ̀rọ̀? Bàbá ò dá mi lóhùn, wọ́n gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, wọ́n fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra, ohùn lọ sókè, wọ́n tú u sílẹ̀, ohùn wálẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé tone tí Òyìnbó ń sọ, tonos ni Gíríìkì ń pè é, fífà ni, bí ìgbà tí wọ́n fa okùn kó le. Ohun tí bàbá fi ọwọ́ ṣe fún mi gan-an nìyẹn, kódà ìwé ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Accent tí a ń sọ pé "lágbájá ní accent", Látìn ni, ó túmọ̀ sí orin tí wọ́n kọ mọ́ ọ̀rọ̀. Gíríìkì ni wọ́n tú u láti ara rẹ̀, prosoidia, ohun kan náà, òun ló sì di prosody tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Ìdí ni pé èdè Gíríìkì àtijọ́ náà ní ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ṣe àmì kan fún èyí tó lọ sókè, wọ́n ṣe òmíràn fún èyí tó wálẹ̀. Àmì náà la fi ń kọ "Bàbá" lónìí, ọ̀kan dà sápá òsì, ọ̀kan dà sápá ọ̀tún. Torí náà nígbàkigbà tí ẹ bá rò pé àmì ohùn ń dà yín láàmú lórí fóònù, orin ni àwọn ará àtijọ́ rí nínú rẹ̀, wọn ò rí i bí ìyọnu.

Dò re mi pàápàá, inú ewì ló ti jáde. Ní bíi 1,000 ọdún sẹ́yìn, Guido, mọ́ńkì ìjọ Kátólíìkì kan ní Ítálì, kíyè sí orin ìyìn kan lédè Látìn sí Jòhánù Onítẹ̀bọmi, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí nóòtì tó ga ju èyí tó ṣáájú lọ. Ó mú sílébù àkọ́kọ́ nínú wọn, ut, re, mi, fa, sol, la. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ut di do. Ìyẹn ni kúáyà wa fi ń kọ́ orin, òun náà ni tíṣà Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn mẹ́ta, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè.

Àwọn orúkọ tó ti ìhà àríwá àti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wákà, Haúsá ló ti wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Haúsá fi ń pe orin tó sì tún fi ń pe ewì, wọn ò pín in rárá. Sákárà, ìlù náà ló fún orin lórúkọ. Fújì ò ní ìtumọ̀ kankan nínú èdè wa, Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ sọ pé orúkọ òkè kan ní Japan lòun mú, èyí kọ́ wa pé ẹ má máa fi tipátipá wá gbòǹgbò Yorùbá fún gbogbo nǹkan, nígbà míì ẹnì kan ló kàn fẹ́ràn bó ṣe dún.

Ó ku ohun kan tí ẹ máa fi dán ara yín wò. Ẹ mú oríkì yín, ẹ má pe ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kàn fi imú kùn ún, kí ẹnì kejì sọ ẹni tí ẹ ń pè. Ọmọ náà kùn ún fún mi, dò dò mí. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó ní rárá. Mo ní Àdùkẹ́. Rárá. Àbẹ̀ní ni! Èmi náà kùn tèmi, dò dò mí, ó pe Àjàní, ó pe Àlàbí, ó pe Àkànní, ó pe Àyìnlá, gbogbo wọn ló bá a mu, èyí tó tọ̀nà ò sì sí nínú wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, báwo wá ni onílù ṣe ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì?"

Mo ní kó pe orúkọ náà, kó wá fi ti bàbá rẹ̀ kún un, kó fi ti ìdílé rẹ̀ lé e, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, kó máa kùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Ó kùn ún títí ó fi di gbólóhùn gígùn. Ìyá rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.